Mo Mọ Pupa Yìí

Mo mọ pupa yìí.
Kí n tó mọ Muníbátù ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń rẹ òwú nínú rẹ̀
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Kótó:
agolo pẹlẹbẹ, àwòrán ẹyẹ lórí ìdérí,
ṣíbí kan péré,
omi garawa á pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

Lálẹ́ Alámísì mo jẹ tùwó, mo pọ́n ìka lá,
mo fa bútà mọ́ra, mo ṣan ọwọ́.
Àtàǹpàkò mi kò mọ́.
Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á,
pupa náà kàn ń wá ìlà ọwọ́ mi kiri,
ó ń wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Muníbátù, níbo lo ti ra ata gbígbẹ yìí?"
"Ṣé kò ta ni?"
Ó ta díẹ̀.
Ohun tó ń kọ mí lóminú náà nìyẹn.
Ata tí kò ta jù báyìí lọ,
kí ló rí tó fi pọ́n tó báyìí?

Ata tó gbẹ lóòrùn, ṣíṣú ní í ṣú.
A dà bí eruku ọ̀nà Ajàṣẹ́ nígbà ọyẹ́,
pupa tó ti rẹ̀, pupa tó ti ibi iṣẹ́ dé.
Èyí ń dán.
Àlàárì ni mo fi jẹ tùwó.

N ò sọ pé àwọn ìyá wa kì í kun oúnjẹ.
Habí tó ń ru wàrà kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa,
poroporo ọkà bàbà ló fi ń sè é tó fi ń pupa rúsúrúsú.
Tó bá da poroporo náà nù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tán.
Ewúrẹ́ mi kan mu omi aró mi rí.
A kò dú u. Sísin la sin ín.

Nọ́ọ̀sì Ràlíátù ti sọ ọ́ nílé ìgbẹ̀bí,
Muníbátù gbé e délé lódidi:
pé àwọ̀ aṣọ kì í ṣe oúnjẹ,
pé ẹ̀dọ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀,
pé kíndìnrín kò mọ ibi tí òun yóò dà á sí.
Òwú ni mo ń kà lọ́wọ́. Mo ní, "Hùn-ún."
Méjìlélógójì. Mẹ́rìnlélógójì.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo gba Ìpàta lọ.
Mùkáílà pa ẹ̀rọ ìlọta kó lè gbọ́ mi.
Kò sẹ́. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.
"Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi pàtẹ èyí tó ṣú,
eṣinṣin nìkan ló ná an.
Ẹ̀yin lẹ ní kó pọ́n."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa agolo kan yọ lẹ́yìn àpò ata.
Ẹyẹ wà lórí ìdérí.
Lábẹ́ ẹyẹ, ìlà mẹ́ta
tí èmi fúnra mi fi ìṣó fà
kí àwọn ọmọṣẹ́ má baà gbé agolo mi pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì.

Mo rántí ọmọkùnrin náà, nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ ku ọ̀la.
Kò ná ọjà. Iye tí mo pè ló san.
Ta ní í ra aró láìná an?
N ò bi í pé òwú wo ló fẹ́ rẹ.

Mùkáílà ń wò mí, mo ń wo ìlà mẹ́ta.
Nígbà tó yá, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Ẹ̀wù funfun ni mo wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí.
Mo ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí mo délé,
Muníbátù ti di ata tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá,
ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
ó ń bi mí níbi tí òun yóò dà á sí,
torí àwọn ewúrẹ́ wà níta.